Eku Kejì: Àlàyé Lórí Bọ́ọ̀lù Tó Ń Bọ́ Lọ́wọ́ Ọ̀dọ́ Ahánbọ́ọ̀lù

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tó bá ń lé eku méjì yóò pòfo: bí ọdẹ bá ń sá tẹ̀lé ọ̀kan tó sì ń yíjú wo èkejì, méjèèjì ni yóò wọ ihò mọ́ ọn lójú. Ojúkòkòrò ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fi òwe yìí bá wí, ṣùgbọ́n òwe náà kò sọ pé eku kejì kì í ṣe ẹ̀tọ́ ọdẹ, ibi tó sì ti wúlò jù lọ ni ibi tí eku méjèèjì ti jẹ́ iṣẹ́ ẹni tó ń lé wọn.

Irú ibi bẹ́ẹ̀ ni ipò ahánbọ́ọ̀lù nínú bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà. Nínú eré yìí, ẹgbẹ́ tí bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní ìgbìyànjú mẹ́rin láti fi rin yáàdì 10 síwájú. Kọ́tábáàkì, ìyẹn ẹni tó ń darí ìkọlù, lè ju bọ́ọ̀lù sí ahánbọ́ọ̀lù, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti já ẹni tó ń ṣọ́ ọ sílẹ̀, kí ó hán bọ́ọ̀lù náà lófuurufú, kí ó sì gbé e sá lọ. Bí bọ́ọ̀lù bá kan ọwọ́ rẹ̀ tó sì bọ́ sílẹ̀, ìgbìyànjú kan ti ṣòfò nìyẹn. Àjọ NFL, tó ń darí ìdíje eré yìí ní Amẹ́ríkà, kì í ka irú èyí mọ́ àkọsílẹ̀ tirẹ̀. Ojú ara wọn ni àwọn tó ń kà á fi ń ṣe ìdájọ́, ìdí nìyí tí iye tí wọ́n ń kà sí ẹnì kan lọ́rùn kì í fi í bára mu.

Èrò tó wọ́pọ̀ ni pé ọwọ́ ló ń fà á, pé ọwọ́ àwọn kan le, tàwọn mìíràn sì rọ̀. Èrò yìí ló mú kí àwọn eléré àtijọ́ máa fi àtè pa ọwọ́, títí àjọ NFL fi fòfin dè é ní 1981. Ahánbọ́ọ̀lù Jerry Rice ni ẹ̀rí tó lágbára jù lọ pé èrò náà kò tó. Ọmọ bíríkìlà ni ní ìpínlẹ̀ Mississippi, àwọn tó ń sọ ìtàn rẹ̀ sì fẹ́ràn láti máa sọ pé bíríkì tó ń hán nídìí iṣẹ́ bàbá rẹ̀ ló sọ ọwọ́ rẹ̀ di ọwọ́ tí nǹkan kì í bọ́ níbẹ̀. Òótọ́ ni pé ó hán bíríkì. Ṣùgbọ́n ọwọ́ kan náà yìí ló gbé dé San Francisco ní 1985, nígbà tí ẹgbẹ́ 49ers yàn án, ọwọ́ kan náà yìí ni bọ́ọ̀lù sì ń bọ́ mọ́ léraléra ní sáà àkọ́kọ́ rẹ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn òǹwòran ẹgbẹ́ tirẹ̀ gan-an fi ń hó lé e lórí. Ohun tó yí padà fún un ni iṣẹ́ tó wà níwájú rẹ̀, nítorí ètò eré Bill Walsh, akọ́nimọ̀ọ́gbá ẹgbẹ́ náà, fi ìṣísẹ̀ díwọ̀n ọ̀nà tí ahánbọ́ọ̀lù yóò gbà, bọ́ọ̀lù sì lè ti kúrò lọ́wọ́ kọ́tábáàkì kí ẹni tí wọ́n jù ú sí tó yíjú padà. Nígbà tí ètò náà wọ̀ ọ́ lára, ó hán bọ́ọ̀lù 10 fún yáàdì 241 nínú eré kan ṣoṣo pẹ̀lú ẹgbẹ́ Los Angeles Rams ní oṣù Kejìlá ọdún kan náà, kò sì fẹ̀yìn tì kí ó tó hán 1,549.

Ó yẹ, nígbà náà, kí a ya bíbọ́ tó ti ọwọ́ wá sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tó ti ojú wá. Bí bọ́ọ̀lù bá ń bọ̀ lókè àyà, àtàǹpàkò méjèèjì ló yẹ kó fẹnu kora. Bí ó bá wà nísàlẹ̀ ìbàdí, ìka tó kéré jù lọ ní ọwọ́ méjèèjì ni. Ọ̀dọ́ tí kò mọ èyí yóò máa pàdánù irú bọ́ọ̀lù kan ṣáá, bóyá àwọn tó ń fò nísàlẹ̀, yóò sì máa hán àwọn yòókù láìsí wàhálà. Àṣìṣe ọwọ́ nìyẹn, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ sì tó láti tún un ṣe. Ẹni tí àṣìṣe rẹ̀ ti ojú wá kì í yan irú èyí tí yóò bọ́, bọ́ọ̀lù tó rọrùn jù lọ ló sì máa ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ jù, nítorí pé òun ló dá a lójú pé ó ti rí gbà. Bí ènìyàn bá wo àgbọ̀n rẹ̀ dáadáa, yóò rí i pé ó ti yí sí ọ̀nà tó fẹ́ sá gbà, ìyẹn eku kejì, nígbà tí bọ́ọ̀lù ṣì ku díẹ̀ kó kan ìka rẹ̀. Àtẹ́lẹwọ́ ni bọ́ọ̀lù náà yóò lù dípò ọmọ ìka, yóò sì ta padà.

Ìbẹ̀rù tún lè gba ojú mọ́ ẹni lọ́wọ́. Nelson Agholor, ahánbọ́ọ̀lù tí wọ́n bí ní Èkó ní 1993, tó sì dàgbà ní Tampa ní ìpínlẹ̀ Florida, wọ ẹgbẹ́ Philadelphia Eagles ní 2015. Ní sáà kejì rẹ̀, bọ́ọ̀lù ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì sọ ní gbangba lẹ́yìn eré kan ní Seattle pé àròjù ń yọ òun lẹ́nu. Wọn kò fi í sínú eré tó tẹ̀ lé e. Bọ́ọ̀lù tó ti bọ́ ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá di eku kejì fún irú ọ̀dọ́ bẹ́ẹ̀, ó ń lé e nígbà tí tuntun ń bọ̀ wá bá a, ariwo àwọn òǹwòran kò sì ṣe ju kí ó tún sọ eku náà di ńlá. Ní sáà 2017, ó hán bọ́ọ̀lù 62, ó sì ní ìfẹsẹ̀kalẹ̀ 8, ìyẹn gbígbé bọ́ọ̀lù dé òpin pápá; ní ọjọ́ 4 oṣù Kejì 2018, ó hán 9 nínú ìdíje àṣekágbá tí Eagles fi 41 sí 33 borí New England Patriots.

Àwọn kan máa ń sọ fún ọ̀dọ́ bẹ́ẹ̀ pé kó má ronú mọ́. Ìmọ̀ràn yìí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, nítorí pé ọkàn kì í ṣófo nítorí àṣẹ. Ohun kan ló yẹ kí wọ́n fún un láti wò. Àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá tó mọ̀ ọ́n ṣe máa ń kọ nọ́ńbà sí ṣóńṣó bọ́ọ̀lù, wọn yóò sì ní kí ọmọ náà pe nọ́ńbà náà sókè kó tó gbé e sí abẹ́ apá, kí ó tó gbé ẹsẹ̀ kankan. Ẹni tó bá ṣi nọ́ńbà pè, bí bọ́ọ̀lù tilẹ̀ dúró sí i lọ́wọ́, yóò padà sí ìdí ìlà láti bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun.