I-20

I-20 ni ìwé tí ilé-ẹ̀kọ́ ní Amẹ́ríkà máa ń fún akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ òkèèrè tí wọ́n ti gbà wọlé, kí ó lè fi tọrọ físà akẹ́kọ̀ọ́, F-1. Kì í ṣe físà fúnra rẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí nìkan ló lè fúnni ní I-20, ìyẹn lẹ́yìn tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ti fi ìwé báńkì tàbí lẹ́tà ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ hàn pé owó ọdún kìíní wà nílẹ̀.

Ojú ìwé àkọ́kọ́ ló gbé orúkọ akẹ́kọ̀ọ́, ẹ̀kọ́ tí yóò kọ́, ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀, iye owó ilé-ẹ̀kọ́ àti ti ilé òun oúnjẹ, pẹ̀lú nọ́ńbà rẹ̀ nínú SEVIS, àkọsílẹ̀ ìjọba àpapọ̀ nípa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ òkèèrè; lẹ́tà N ló ṣíwájú nọ́ńbà náà. Nọ́ńbà yìí ni wọ́n fi ń san owó SEVIS tí à ń pè ní I-901, 350 dọ́là, kí wọ́n tó lọ fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò físà. Orúkọ inú I-20 gbọ́dọ̀ bá ti pásípọ́ọ̀tù mu.

Ẹni tó gba físà lè wọ Amẹ́ríkà nígbà tí ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ bá ku 30 ọjọ́, kò gbọdọ̀ yá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Inú báàgì ọwọ́ ni kí ó fi I-20 sí, kì í ṣe inú àpótí ẹrù, nítorí aṣọ́bodè yóò béèrè rẹ̀.