Owó Ìfẹ̀yìntì Òṣìṣẹ́ Ìjọba àti Owó Social Security: Ohun Tó Yẹ Kí Ẹ Mọ̀

Bí ẹ bá ti ṣiṣẹ́ fún Ìpínlẹ̀ Massachusetts, fún ìjọba ìlú kan tàbí fún ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba níbí, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti gbọ́ pé owó ìfẹ̀yìntì yín yóò dín owó Social Security yín kù. Bẹ́ẹ̀ ló rí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́. A kọ àlàyé yìí kí ẹni tó ní ẹ̀tọ́ sí owó má bàa pàdánù rẹ̀ nítorí òfin tí a ti fagi lé.

Ìdí tí owó méjèèjì fi yàtọ̀

Òṣìṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ yìí kì í san owó orí Social Security lórí owó oṣù rẹ̀. Àpò ìfẹ̀yìntì òṣìṣẹ́ ìjọba ni ó ń dáwó sí. Ọ̀pọ̀ àwọn tó wọṣẹ́ láti oṣù Keje ọdún 1996 ń san ìdá 9 nínú 100 owó iṣẹ́ wọn, wọ́n sì ń san ìdá 2 sí i lórí èyí tó bá kọjá $30,000 lọ́dún.

Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ṣiṣẹ́ níbòmíràn rí, ní ilé ìtọ́jú àgbàlagbà, ní ṣọ́ọ̀bù tàbí nídìí takisí, níbi tí wọ́n ti san ìdá 6.2 fún Social Security. Ẹni tó bá kó kírẹ́dítì 40 jọ, èyí tí í ṣe nǹkan bí ọdún 10 iṣẹ́, ní ẹ̀tọ́ sí owó náà.

Àwọn òfin tó ti kásẹ̀ nílẹ̀

Òfin méjì ló ń dín owó yìí kù tẹ́lẹ̀. Èkíní ni Windfall Elimination Provision ti ọdún 1983, tó ń dín owó tí ènìyàn fi iṣẹ́ ara rẹ̀ gbà kù. Èkejì ni Government Pension Offset ti ọdún 1977, tó kan owó tí ènìyàn ń gbà nítorí ọkọ tàbí aya rẹ̀. Ìdá méjì nínú mẹ́ta owó ìfẹ̀yìntì ìjọba ni wọ́n ń yọ kúrò nínú rẹ̀.

Ẹ wo àpẹẹrẹ yìí. Olùkọ́ kan tó jẹ́ opó ń gba $1,800 lóṣù gẹ́gẹ́ bí owó ìfẹ̀yìntì. Owó opó tó tọ́ sí i jẹ́ $1,500. Lábẹ́ òfin àtijọ́, wọ́n á yọ $1,200, yóò sì ku $300 péré. Bí owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ bá jẹ́ $2,400, kò ní rí kọ́bọ̀ gbà. Lónìí, $1,500 náà yóò pé sí i lọ́wọ́.

Ní ọjọ́ 5 oṣù Kìíní ọdún 2025 ni Ààrẹ Joe Biden fọwọ́ sí Social Security Fairness Act, èyí tó fòpin sí òfin méjèèjì. Ìyípadà náà bẹ̀rẹ̀ láti orí owó oṣù Kìíní ọdún 2024.

Ohun tí kò yí padà

• Bí ẹ bá ní owó ti ara yín àti owó ti ọkọ tàbí aya, a kì í san méjèèjì pọ̀. Ẹni tí tirẹ̀ jẹ́ $700, tí owó opó rẹ̀ sì jẹ́ $1,000, yóò gba $1,000 lápapọ̀, kì í ṣe $1,700.
• Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó ṣáájú ọjọ́ orí ìfẹ̀yìntì kíkún yóò gba iye tó kéré sí i. Ọdún 67 ni fún ẹni tí a bí ní 1960 tàbí lẹ́yìn náà.
• Ẹni tó ti kọ ọkọ tàbí aya rẹ̀ sílẹ̀ lè bèèrè lórí orúkọ onítọ̀hún bí ìgbéyàwó náà bá ti pé ọdún 10, bí ó bá sì bá àwọn ìlànà yòókù mu.

Bí ẹ bá ti ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà

Òfin ọdún 1983 náà kan owó ìfẹ̀yìntì láti ilẹ̀ òkèèrè. Ìyẹn náà ti dópin. Síbẹ̀, Amẹ́ríkà àti Nàìjíríà kò ní àdéhùn lórí Social Security. Nítorí náà, a kò lè ka ọdún tí ẹ fi ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà mọ́ kírẹ́dítì 40 náà.

Ohun tó yẹ kí ẹ ṣe

Bí ẹ bá ti ń gba owó tí wọ́n dín kù tẹ́lẹ̀, kò sí fọ́ọ̀mù tuntun tí ẹ ní láti kọ. Ẹ kàn rí i pé àdírẹ́sì àti àkáǹtì báǹkì yín tó wà lọ́wọ́ wọn tọ̀nà.

Bí ẹ kò bá bèèrè rí nítorí wọ́n sọ fún yín pé kò ní sí èrè níbẹ̀, ẹ bèèrè nísinsìnyí. Owó kì í dé fúnra rẹ̀ fún ẹni tí kò bèèrè. Owó ẹ̀yìn tí ẹni tuntun lè rí gbà kì í sì sábà ju ti oṣù 6 lọ, nítorí náà ìdádúró lè mú owó lọ.

Ẹ lè bèèrè owó ti ara yín tàbí ti ọkọ tàbí aya lórí ssa.gov. Fún owó opó, ẹ pe 1-800-772-1213. Ẹ lè bèèrè ògbufọ̀ Yorùbá lọ́fẹ̀ẹ́.

Ẹ ṣọ́ra fún àwọn oníjìbìtì. Social Security kì í gba owó kí wọ́n tó san ẹ̀tọ́ yín fún yín. Ẹni tó bá bèèrè owó ìṣáájú lọ́wọ́ yín kì í ṣe òṣìṣẹ́ wọn.