Kẹ̀kẹ́ Ológeere lórí Yangí: Ọ̀nà Oko Ìkirè àti Àpòmù

Àpòmù ti jẹ́ ìkóríta kí kẹ̀kẹ́ kankan tó dé ilẹ̀ Yorùbá. Nínú ìwé ìtàn tí Àlùfáà Samuel Johnson kọ, èyí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921, a rí i pé ọjà Àpòmù ni ará Ọ̀yọ́, ará Ifẹ̀, ará Òwu àti ará Ìjẹ̀bú ti ń pàdé. Níbẹ̀ náà ni ìjà lórí ataare ti bẹ́ sílẹ̀, tó wá di ogun tó fọ́ ìlú Òwu ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ogun yẹn ni gbogbo ènìyàn máa ń rántí. Èmi ń wo ọ̀nà. Ọjà tí èrò ń wọ́ wá láti ìhà mẹ́rin kò lè ṣàìní ọ̀nà tó pọ̀, ẹsẹ̀ àwọn alárù ló sì la gbogbo wọn: tóóró, kọ́rọkọ̀rọ, ó ń yẹ̀ fún igi ńlá àti àpáta. Irú ọ̀nà wọ̀nyí ni kẹ̀kẹ́ ológeere jogún ní agbègbè Ìkirè àti Àpòmù. Kò sẹ́ni tó dìídì lànà fún un. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn ni pé kẹ̀kẹ́ ṣe iṣẹ́ tó ṣe níbẹ̀ nítorí pé ojú ọ̀nà ẹsẹ̀ ti tó o.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí níbi tí àwọn tó fẹ́ràn kẹ̀kẹ́ ń rọ́ lọ lónìí. Ní ilẹ̀ Faransé, Pierre-Paul Riquet bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ odò àtọwọ́dá tí wọ́n ń pè ní Canal du Midi ní 1666. Iṣẹ́ náà parí ní 1681, lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ọ̀nà etí omi irú odò bẹ́ẹ̀ wà fún ẹṣin tó ń fi okùn fa ọkọ̀. Nígbà tí ọkọ̀ ní ẹ́ńjìnnì, ẹṣin kúrò, ọ̀nà kù, oníkẹ̀kẹ́ sì gbà á. Lẹ́bàá odò Loire, ọ̀nà kẹ̀kẹ́ kan gùn tó nǹkan bí kìlómítà 900. Àwọn kan lè sọ pé kí ni ti Loire nínú ọ̀rọ̀ Ìkirè, níwọ̀n ìgbà tí ọ̀nà tiwa kì í bá omi rìn. Òótọ́ ni. Odò Ọ̀ṣun, tó gba Òṣogbo kọjá kí ó tó sọ̀ kalẹ̀ sí Àṣejírè, kún fún àpáta; ẹ̀ẹ̀rùn á mú kí omi rẹ̀ fà, òjò á sọ ọ́ di alágbára. Kì í ṣe odò tí ènìyàn ń kó ẹrù sí. Nítorí náà ọ̀nà wa máa ń gba orí ilẹ̀ gíga, á sì sọ̀ kalẹ̀ síbi tí omi ti ṣeé là kọjá nìkan. Omi ló ya ọ̀nà wa àti tiwọn sọ́tọ̀. Ogún ni àwọn méjèèjì.

Ọdún 1885 ni John Kemp Starley gbé kẹ̀kẹ́ Rover jáde ní Coventry, tí táyà iwájú àti tẹ̀yìn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, tí ṣéènì sì ń yí ti ẹ̀yìn. Ní 1888, John Boyd Dunlop gba ìwé ẹ̀tọ́ ìṣẹ̀dá fún táyà tí wọ́n ń fún afẹ́fẹ́ sí. Ọkọ̀ ojú irin láti Èkó dé Ìbàdàn ní 1901, ẹrù òyìnbó sì rọ́nà wọ àárín ilẹ̀ wa. Kẹ̀kẹ́ Raleigh láti Nottingham àti Hercules láti Birmingham wá di orúkọ tí tọmọdé tàgbà mọ̀. Àwọn tó ń gba owó oṣù ló kọ́kọ́ gùn ún: tíṣà, akọ̀wé, wolé-wolé. Ìdí nìyí tí àwọn kan fi ń sọ pé nǹkan fáàrí ni kẹ̀kẹ́, pé kò kan àgbẹ̀. Fáàrí wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ẹni tó ra Raleigh tuntun kì í gba àárín ọjà kọjá láìlu agogo. Ṣùgbọ́n fáàrí nìkan kò lè mú kí ìjọba ìbílẹ̀ máa gba owó láńsẹ́ǹsì kẹ̀kẹ́ lọ́dọọdún. Nǹkan tó bá ti pọ̀ nílùú ni wọ́n ń bu owó lé.

Kòkó ló mú kẹ̀kẹ́ wọ oko. Ẹ wo iṣẹ́ náà dáadáa. Lẹ́yìn tí àgbẹ̀ bá ti la kòkó, á fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó fún bí ọjọ́ márùn-ún tàbí mẹ́fà kí ó lè kan, á sì sá a títí yóò fi gbẹ. Àpò kòkó mẹ́rìndínlógún ló ń jẹ́ tọ́ọ̀nù kan, èyí ni pé àpò kan lé ní kìlógíráàmù 60. Ẹrù orí alárù méjì nìyẹn. Kẹ̀kẹ́ kan á gbà á. Wọ́n á gbé àpò náà dábùú káríà, wọ́n á fi okùn rọ́bà tí wọ́n gé lára túúbù àlòkù dì í pinpin. Ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, àgbẹ̀ á sọ̀ kalẹ̀, á fi ọwọ́ kan di àǹdù mú, á fi ìkejì ti àpò lẹ́yìn. Tó bá débi tí wọ́n fi ìtì igi ṣe afárá, á tú ẹrù, á gbé e kọjá, á padà wá gbé kẹ̀kẹ́ lé èjìká. Orúkọ rẹ̀ ń sọ pé ó ń lọ geere, ṣùgbọ́n yangí kì í jẹ́ kí nǹkan kan lọ geere. Ó sì yẹ kí a sọ ọ́ pé ọkùnrin ló sábà ń ni kẹ̀kẹ́. Orí obìnrin kò tíì bọ́ lọ́wọ́ ẹrù.

Táyà àwọn kẹ̀kẹ́ wọ̀nyẹn tún jẹ́ ẹ̀rí mìíràn. Ínṣì 28 ní gíga, ínṣì kan àtààbọ̀ ní fífẹ̀, ni èyí tó wọ́pọ̀ lára Raleigh oníṣẹ́. Fífẹ̀ yẹn tó nǹkan bí mìlímítà 40, ìwọ̀n kan náà tí wọ́n ń tà lónìí gẹ́gẹ́ bí táyà kẹ̀kẹ́ orí òkúta wẹ́wẹ́. Àjọ eré kẹ̀kẹ́ àgbáyé kò dá ìdíje àgbáyé sílẹ̀ fún irú gígùn bẹ́ẹ̀ títí di 2022, ní agbègbè Veneto ní Ítálì. Ohun tí wọ́n ń fi ẹ̀yẹ dá lọ́lá níbẹ̀, iṣẹ́ òòjọ́ ni lójú àgbẹ̀ Àpòmù.

Àtakò tó lágbára jù ni pé lọ́rì ló kó kòkó, pé kẹ̀kẹ́ kàn ṣèrànwọ́ ni. Lọ́rì kó o lóòótọ́, láti ojú títì lọ. Títì Ìbàdàn sí Ifẹ̀ gba Ìkirè àti Àpòmù kọjá, ṣùgbọ́n kò dé ahéré. Nígbà tí àwọn àgbẹ̀ tó ń jẹ́ Àgbẹ́kọ̀yà dìde ní 1968 lórí owó orí àti iye tí wọ́n ń ra kòkó, ọ̀nà tó dára dé abúlé wà lára ohun tí wọ́n ń béèrè. Ẹni tí mọ́tò ti ń gbé ẹrù rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà oko kò ní máa bẹ̀bẹ̀ fún ọ̀nà. Láti ahéré dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń wọn kòkó, orí àti kẹ̀kẹ́ ló ń ṣe é.

Kì í sì í ṣe lọ́rì ló lé kẹ̀kẹ́ kúrò. Alùpùpù ni, nítorí pé òun náà gba ibi tóóró kan náà kọjá, kò sì béèrè agbára ẹsẹ̀. Ní ọ̀nà oko lóde Ìkirè lónìí, táyà méjì ṣì ni ọ̀nà náà gbà, wọ́n sì ṣì ń fi rọ́bà túúbù so àpò mọ́ ẹ̀yìn ìjókòó.