Ìbora Sẹ̀rámíìkì Inú Ẹ̀rọ Amúnáwá Onígáàsì: Ohun Tí Ń Mú Un Lẹ̀ Tàbí Bó

Iná mànàmáná tí ń dé Ìkòsì, Kétu àti Mile 12 ń gba orí ìlà iná àpapọ̀ orílẹ̀-èdè wá. Ilé-iṣẹ́ Ẹgbin ní ìhà Ìkòròdú ń fi ooru omi yí ẹ̀rọ mẹ́fà rẹ̀. Àwọn ti Ọlọ́runṣògo ní Ìpínlẹ̀ Ògùn àti Ọmọ́tọ́ṣọ̀ọ́ ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó ń lo tọ́báìnì onígáàsì. Irú kejì yìí ni ọ̀rọ̀ wa kàn. Gáàsì tí ń jó nínú rẹ̀ ń gbóná ju 1,000 °C lọ, nítorí náà ni a fi ń bo irin ibi tí iná ti ń jó ní ìbora sẹ̀rámíìkì tẹ́ẹ́rẹ́.

Ẹni tí ó bá ti rí abọ́ tánganran tí ó ṣubú, tí ara rẹ̀ ṣí, tí irin dúdú yọ, ti mọ ìdajì ọ̀rọ̀ náà.

Ìyẹ̀fun zirconia tí a pò mọ́ yttria díẹ̀ ni a ń fọ́n gba inú iná plásímà, tí ooru àárín rẹ̀ ju 10,000 °C lọ. Ìyẹ̀fun náà yóò yọ́, yóò lu irin, yóò tẹ́ pẹrẹsẹ, yóò sì le kí a tó ṣẹ́jú. Bí ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan ti ń tutù ni ó ń fẹ́ súnkì, ṣùgbọ́n ohun tí ó lẹ̀ mọ́ kò gbà fún un. Ìdí nìyí tí fífà fi ń wà nínú rẹ̀. Nígbà tí gbogbo iṣẹ́ náà bá wá tutù, irin a súnkì ju sẹ̀rámíìkì lọ, a sì fún un pọ̀.

Ọwọ́ ẹni tí ń fọ́n ọn ni ó wà, èyí tí yóò borí nínú fífà àti fífún yìí. Bí irin bá tutù jù nígbà iṣẹ́, àwọn ẹ̀kán kò ní lẹ̀ mọ́ra dáadáa. Bí ó bá gbóná, wọn a lẹ̀ ṣinṣin, ṣùgbọ́n fífún tí ń tẹ̀lé títutù a pọ̀ sí i. Bí ìbọn ìfọ́nlẹ̀ bá jìnnà jù, ìyẹ̀fun lè ti máa dì kí ó tó balẹ̀. Àwọn kan rò pé ìbora tí ó nípọn ni ó ń dáàbò bo irin jù. A kò gbà bẹ́ẹ̀ pátápátá, nítorí bí ó ti ń nípọn sí i ni agbára tí ó kó pamọ́ ń pọ̀, tí ó sì ń rọrùn fún un láti bó láti etí. Sísán kéékèèké tilẹ̀ wúlò, torí ó ń jẹ́ kí ìbora lè fà díẹ̀ láìbó.

Nígbàkúùgbà tí ìlà àpapọ̀ bá wó, tí tọ́báìnì kú lójijì, ìbora náà tún tutù, ó tún gbóná. Èyí tí a kò fọ́n dáadáa ni ó ń kọ́kọ́ ṣí. Iná wẹ́dà kò lè tún un ṣe: a ní láti há gbogbo rẹ̀ kúrò, kí a sì tún òmíràn fọ́n.