Bí Ojú Ṣe Tó Ilẹ̀kùn Inú Ọkàn

Ní oṣù kejì ọdún 1911, ibà kan tí kò gbọ́ òògùn dá Gustav Mahler, àgbà olórin ilẹ̀ Austria, dùbúlẹ̀ ní New York. Ó ti pé ọdún díẹ̀ tí àwọn dókítà ti sọ fún un pé ilẹ̀kùn ọkàn rẹ̀ lábùkù. Dókítà Emanuel Libman fura. George Baehr tí ń bá a ṣiṣẹ́ fa ẹ̀jẹ̀ aláìsàn náà, ó sì tọ́jú rẹ̀ títí kòkòrò àìfojúrí inú rẹ̀ fi hù. Bí wọ́n ṣe mọ orúkọ àrùn náà nìyẹn. Ṣùgbọ́n òògùn pẹnisilíìnì kò tíì dé ayé, kò sì sí ọ̀nà láti fojú rí ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú àyà rẹ̀. Mahler kú ní Vienna ní ọjọ́ 18 oṣù karùn-ún ọdún yẹn, ní ẹni 50 ọdún.

Ilẹ̀kùn mẹ́rin ni ó wà nínú ọkàn, tí ń ṣí, tí ń tì, kí ẹ̀jẹ̀ má baà padà sẹ́yìn. Bí ọ̀kan bá ti lábùkù tẹ́lẹ̀, kòkòrò tí ó bá wọ inú ẹ̀jẹ̀, bóyá láti ẹnu tàbí ojú egbò, lè lẹ̀ mọ́ ọn. Níbẹ̀ ni òun àti ẹ̀jẹ̀ dídì yóò ti so rọ̀ bí olú lára ìtì igi. Bí ègé rẹ̀ kan bá já, tí ẹ̀jẹ̀ gbé e dé ọpọlọ, àrùn rọpárọsẹ̀ dé nìyẹn. William Osler ti ṣàlàyé àrùn yìí ní London ní ọdún 1885, ó sì tẹnu mọ́ ọn pé ó ṣòro láti dá mọ̀. Àwòrán X-ray tí ó dé ní 1895 kò ṣe ju kí ó fi òjìji ọkàn hàn lọ.

Ibi tí ẹnikẹ́ni kò fọkàn sí ni ọ̀nà ti là: ibi tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ ojú omi. Inge Edler, dókítà ní Lund ní ilẹ̀ Sweden, ń wá bí yóò ṣe mọ aláìsàn tí iṣẹ́ abẹ ọkàn yóò ṣe láǹfààní. Ó bá Carl Hellmuth Hertz, onímọ̀ físíìsì, sọ ọ́. Ní Malmö, wọ́n ní ẹ̀rọ tí ń fi ìró tí etí ènìyàn kò lè gbọ́ wá ibi tí irin ti là. Hertz gbé e lé àyà ara rẹ̀, ó sì rí i tí gbohùngbohùn náà ń mì bí ọkàn rẹ̀ ti ń lù. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹwàá ọdún 1953, àwọn méjèèjì ya àwòrán àkọ́kọ́. Edler kọ́kọ́ rò pé ògiri ọkàn ni ìlà tí ń fò sókè sódò nínú rẹ̀. Nígbà tí díẹ̀ nínú àwọn aláìsàn náà kú, ó ti irin mímú bọ àyà òkú wọn ní ojú ọ̀nà tí ìró gbà, ó sì rí i pé ilẹ̀kùn gan-an ni irin bá. Iṣẹ́ tí kò dùn ún gbọ́ létí ni, àmọ́ lójú tèmi, òun ni ó sọ ìlà lásán di ẹ̀rí.

Ó di ọdún 1973 kí Harvey Feigenbaum àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Indianapolis tó ròyìn pé àwọn rí olú náà lára ilẹ̀kùn ọkàn. Lẹ́yìn náà ni àwọn dókítà ń ki ẹ̀rọ tẹ́ẹ́rẹ́ bọ ọ̀nà ọ̀fun, nítorí ẹ̀yìn ọkàn gan-an ni ó gbà kọjá, kò sì sí egungun tàbí ẹ̀dọ̀fóró tí yóò dí ìró lọ́wọ́ níbẹ̀. Ní 1994, àwọn dókítà Duke University ní Amẹ́ríkà ka àwòrán yìí sí ẹ̀rí ńlá, ẹgbẹ́ kan náà pẹ̀lú kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀. Ní 2023, wọ́n fi àwòrán CT àti PET kún un, èyí tí ó wúlò gidigidi fún ilẹ̀kùn àtọwọ́dá tí irin rẹ̀ máa ń dí ìró.

Ní Nàìjíríà, ilẹ̀kùn tí ibà oríkèé ríro bà jẹ́ láti kékeré, lẹ́yìn ọ̀fun dídùn tí a kò tọ́jú, ṣì wọ́pọ̀. Bí ibà irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò bá lọ, ẹ̀jẹ̀ ni kí wọ́n kọ́kọ́ fà kí òògùn apakòkòrò tó wọ ara, kí wọ́n sì ya àwòrán. Bí àwòrán àkọ́kọ́ kò bá fi nǹkan hàn, tí ìfura ṣì wà, wọn a tún un yà lẹ́yìn ọjọ́ 5 sí 7, nítorí olú tí ó ṣì kéré lè sá pamọ́.