Abẹ́rẹ́ Ọnà ní Etí-Òkun Àgbádárìgì

Ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹta, ọdún 1830, Richard Lander àti John àbúrò rẹ̀ gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì, níbi tí wọn yóò gbà lọ wá ibi tí odò Ọya gbé ń tú sínú òkun. Fìlà koríko tí ó fẹ̀ ju agbòjò lọ ni wọ́n dé. Ẹ̀wù pupa irú ti àwọn Mùsùlùmí ni wọ́n wọ̀, pẹ̀lú ṣòkòtò gbàgẹ̀rẹ̀ irú ti àwọn ará Tọ́kì. Àwọn fúnra wọn ni ó kọ ọ́ sínú ìwé pé ẹ̀rín pa àwọn ará ìlú, àti pé àwọn obìnrin tí ó mọ ìwọ̀n ara wọn yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí àlejò má baà rí ẹ̀rín ẹnu wọn. Ó yẹ kí akọ̀tàn kíyè sí ẹ̀rín yìí. Ẹni tí kò mọ ẹ̀wù kì í fi ẹ̀wù rẹ́rìn-ín.

Àgbádárìgì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn èbúté tí Ọ̀yọ́ Ilé fi ń bá òyìnbó ṣòwò. Ọ̀nà tí ẹrú ń gbà sọ̀ kalẹ̀, èyí tí í ṣe ìbànújẹ́ ìtàn ìlú náà, ni aṣọ pẹ̀lú ń gbà. Ní òkè lọ́hùn-ún, nílẹ̀ Haúsá àti nílẹ̀ Tápà, ọkùnrin ni ó ń fi abẹ́rẹ́ kó ọnà sí ọrùn àti àyà ẹ̀wù ńlá, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì jẹ́ ọmọ ilé-kéwú. Ọnà tí àwọn Haúsá ń fi èdè wọn pè ní ọ̀bẹ mẹ́jọ, nítorí àwọn ẹnu ṣóńṣó tí ó jọ ọ̀bẹ lára rẹ̀, wà nínú èyí tí ó lókìkí jù. Àwọn ará Ìlọrin, Ìsẹ́yìn àti Ìbàdàn gba iṣẹ́ náà, wọ́n sì sọ ọ́ di tiwọn lórí agbádá àti dàńdógó. Iṣẹ́ ọkùnrin ni, iṣẹ́ owó sì ni.

Ọnà ti àwọn obìnrin wà lórí òfì kíjìpá àti nínú ìkòkò aró. Ìró ni wọ́n ń ró, ìró kò sì ní ọrùn tí abẹ́rẹ́ yóò kó ọnà sí. Síbẹ̀, kì í ṣe pé ọwọ́ wọn kò mọ abẹ́rẹ́. Nínú àdìrẹ tí à ń pè ní alábẹ́rẹ́, obìnrin a máa fi okùn ìko rán aṣọ ní kékeré-kékeré, a rì í sínú aró, bí ó bá sì gbẹ tán, a tú okùn náà kúrò; ibi tí okùn ti dí aró lọ́nà ni yóò di ọnà. Okùn tí ó ṣe iṣẹ́ kò sí lára aṣọ mọ́. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí okùn yìí ni ó ṣẹlẹ̀ sí púpọ̀ nínú ìtàn abẹ́rẹ́ obìnrin.

Ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1842, Thomas Birch Freeman ti Ìjọ Wesley dé Àgbádárìgì pẹ̀lú William de Graft àti ìyàwó rẹ̀. Henry Townsend ti C.M.S. dé kí ọdún náà tó parí. Ní 1845, Townsend padà wá pẹ̀lú Gollmer àti Samuel Ajayi Crowther, àti àwọn aya wọn, wọ́n sì dúró ju ọdún kan lọ kí ọ̀nà Abẹ́òkúta tó là. Níbi tí wọ́n bá dúró sí ni ilé-ẹ̀kọ́ ń dúró sí, àṣà ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ nígbà náà sì ni kí ọmọkùnrin di kálàmù mú, kí ọmọbìnrin di kálàmù àti abẹ́rẹ́ mú.

Àgbádárìgì bọ́ sábẹ́ ìjọba Èkó ní 1863. Ní 1882, nígbà tí a ń ṣàkóso Èkó láti Gold Coast, ìjọba ṣe Òfin Ẹ̀kọ́ kan fún ilẹ̀ méjèèjì. Òfin náà ka ohun tí ilé-ẹ̀kọ́ gbọ́dọ̀ máa kọ́ ọmọ kí ó tó rí ìrànlọ́wọ́ gbà: kíka Gẹ̀ẹ́sì, kíkọ ọ́, ìṣirò, àti fún àwọn ọmọbìnrin, iṣẹ́ abẹ́rẹ́ lásán. 'Lásán' yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ lásán. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni ṣíṣẹ́tí aṣọ, rírán ojú aṣọ pọ̀, lílẹ èyí tí ó ya. Ìjọba fẹ́ obìnrin tí yóò lẹ ṣẹ́ẹ̀tì. Kò fẹ́ san owó òdòdó. Ó ṣe ni láàánú díẹ̀ pé lọ́dún méjì lẹ́yìn náà, nígbà tí odindi Bíbélì Yorùbá jáde, iṣẹ́ abẹ́rẹ́ kan náà ni orúkọ tí àwọn atúmọ̀ fún aṣọ ẹnu-ọ̀nà Àgọ́ Ọlọ́run.

Ẹnu ọ̀nà mìíràn ni ọnà gbà wọlé. Ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin tí C.M.S. dá sílẹ̀ ní Èkó ní 1869 kò fi abẹ́rẹ́ mọ sí ìṣẹ́tí. Ní Tòpó, lẹ́bàá Àgbádárìgì, àwọn àlùfáà Ìjọ Àgùdà dá oko ńlá kan sílẹ̀ ní 1876, àwọn arábìnrin sì wá bá wọn lẹ́yìn náà láti tọ́ àwọn ọmọbìnrin. Àwọn akọ̀tàn kan sọ pé ète gbogbo rẹ̀ kò ju láti pèsè aya fún akọ̀wé àti olùkọ́ lọ. Òtítọ́ wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò tán síbẹ̀. Abẹ́rẹ́ kéré, kì í ṣe mímì adìẹ. Obìnrin tí ó ti kúrò nílé-ẹ̀kọ́, tí ó ti ti ọjà dé, tí ó wá jókòó lójú fìtílà tí ó ń kó òdòdó sí àpò ìrọ̀rí tí ẹnikẹ́ni kò bẹ̀ ẹ́ kí ó ṣe, kò sí òfin tí ó rán an, kò sì sí owó tí ó ń dúró dè é. Nítorí pé kò sí owó níbẹ̀, kò sí ìwé níbẹ̀, akọ̀tàn tí ó bá sì ń wo ìwé owó nìkan yóò kọjá lára rẹ̀.

Ẹ̀rọ ni ó wá da ọ̀ràn náà rú. Singer gba ìwé-àṣẹ ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1851. Nígbà tí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ gbilẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn télọ̀ wa, agbádá bọ́ kúrò lọ́wọ́ abẹ́rẹ́ ọwọ́ díẹ̀díẹ̀, lónìí kọ̀ǹpútà ni ó ń darí abẹ́rẹ́ lórí ọ̀pọ̀ agbádá òde. Kò yani lẹ́nu: iṣẹ́ owó a máa tọ ọ̀nà tí ó yá. Ẹni tí kò fi abẹ́rẹ́ ṣòwò ni kò ní ìdí láti kánjú. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í sì í ní iṣẹ́ kan ṣoṣo lọ́wọ́: aṣọ tábìlì tí ó dé ìdajì, àpò ìrọ̀rí méjì fún ìgbéyàwó ọmọ, àti ọnà kan lọ́kàn tí agbára rẹ̀ kò tíì ká. Bí ó bá jẹ́ ọ̀bẹ mẹ́jọ ni obìnrin etí ọ̀sà fi ṣe ìlépa, ohun tí ọmọ ilé-kéwú ń fi gbowó nígbà kan rí ni òun ń ṣe fún ìgbádùn ara rẹ̀.

Ẹ̀wù ọlọ́nà ti àwọn ọkùnrin wà ní ilé àkójọ ohun àtijọ́ ní London. Àpò ìrọ̀rí kì í sábà dé irú ibẹ̀. Fífọ̀ ni a ń fọ̀ ọ́ títí òwú yóò fi ṣá. Bí ọ̀kan bá ṣì kù nínú àpótí ìyá àgbà kan, kí akẹ́kọ̀ọ́ tí yóò wò ó yí ẹ̀yìn rẹ̀ sókè. Níbẹ̀ ni ìdì òwú wà, àti ibi tí ó ti ṣì í, tí ó tú u, tí ó sì tún un rán.