Àwọn Àlàpà Róòmù ní Gúúsù Ilẹ̀ Faransé

Ẹni tí ó bá wọ ọkọ̀ ojú irin ní ìlú Lyon, tí ó sì ń bá odò Rhône sọ̀kalẹ̀ lọ sí ìhà gúúsù, yóò kíyè sí i pé bí ọkọ̀ ti ń sáré ni ilẹ̀ ń yí padà. Ìkùukùu a ká kúrò, oòrùn a sì mú. Òrùlé àwọn ilé a di pupa, igi ólífì àti ọgbà àjàrà a sì gba ipò pápá koríko tútù. Afẹ́fẹ́ kan wà tí í ti àríwá fẹ́ gba àfonífojì odò náà kọjá. Mistral ni wọ́n ń pè é, ó gbẹ, ó sì tutù bí ọyẹ́. Àwọn ará ibẹ̀ a máa ráhùn nítorí rẹ̀, ṣùgbọ́n òun náà ni í gbá ojú ọ̀run mọ́ tí oòrùn fi ń ràn ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọjọ́ nínú ọdún.

Orúkọ tí apá ńlá nínú ilẹ̀ yìí ń jẹ́ títí di òní, Provence, ọ̀dọ̀ àwọn ará Róòmù ni ó ti wá. Nígbà tí wọ́n fi ogun gba ibẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 121 ṣáájú ìbí Jésù, Provincia ni wọ́n pè é ní èdè Látìn, ìyẹn ni ẹkùn tí ó wà lábẹ́ àkóso wọn. Wọn kò bá ibẹ̀ ní òfìfo. Àwọn Gíríìkì ti tẹ ìlú Marseille dó láti nǹkan bí ọdún 600 ṣáájú ìbí Jésù, àwọn ẹ̀yà Gọ́ọ̀lù tí wọ́n ni ilẹ̀ sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn olórí àti òrìṣà wọn. Àwọn ará Róòmù la ọ̀nà ńlá kan, Via Domitia, láti Ítálì dé Sípéènì kí ọmọ ogun wọn lè máa rí ibi gbà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pín ilẹ̀ fún àwọn jagunjagun tí ó ti fẹ̀yìn tì. Ilẹ̀ onílẹ̀ ni wọ́n ń pín, kò sì yẹ kí ẹwà òkúta tí wọ́n fi sílẹ̀ mú ẹnikẹ́ni gbàgbé èyí. Bẹ́ẹ̀ ni Arles ṣe di ìlú Róòmù ní ọdún 46 ṣáájú ìbí Jésù, lẹ́yìn tí wọ́n ti kan ọkọ̀ ojú omi 12 níbẹ̀ fún Julius Caesar láti fi dó ti Marseille, tí ó gbè sẹ́yìn ọ̀tá rẹ̀, Pompey. Ní Nîmes, wọ́n rọ owó idẹ tí ó ní àwòrán ọ̀nì kan tí a fi ẹ̀wọ̀n so mọ́ igi ọ̀pẹ, láti fi rántí pé Róòmù ti ṣẹ́gun Íjíbítì. Ọ̀nì náà ṣì jẹ́ àmì ìlú Nîmes títí di ìsinsìnyí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ọ̀nì kankan nínú odò ibẹ̀.

Ìjọba Róòmù ti ìwọ̀ oòrùn wó ní ọ̀rúndún karùn-ún. Kí ni ó wá dé tí àwọn ilé rẹ̀ ní agbègbè yìí kò bá a wó? Ìdáhùn tí ó máa ń kọ́kọ́ wá sí ẹnu ni pé òkúta ni wọ́n, òkúta kì í sì í jẹrà. Ìdáhùn náà kò tó. Òótọ́ ni pé òkúta kì í jẹrà, ṣùgbọ́n wọn a máa kó o lọ. Ẹni tí ó fẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì tàbí odi, tàbí ilé ẹran lásán, kò ní lọ fọ́ òkúta titun nínú oko nígbà tí èyí tí a ti gbẹ́ dáadáa wà nílẹ̀ láìní olówó. Bí ènìyàn bá fara balẹ̀ yẹ ìtàn àwọn ilé náà wò lọ́kọ̀ọ̀kan, yóò rí i pé èyí tí ó kù ni èyí tí àwọn tí ó wá lẹ́yìn rí ohun kan fi ṣe.

Orange ni arìnrìnàjò yóò kọ́kọ́ dé. Ilé eré kan wà níbẹ̀ tí ògiri ẹ̀yìn ìtàgé rẹ̀ gùn ní mítà 103, tí ó sì ga ní mítà 37. Ní ọ̀pọ̀ ìlú tí àwọn ará Róòmù ti kọ́ irú ilé bẹ́ẹ̀, ìjókòó àwọn òǹwòran nìkan ni ó kù, ògiri ti lọ. Ní ọdún 1622, Maurice ti Nassau, tí ó jẹ́ ọmọ aládé Orange, mọ odi ogun sí orí òkè tí ó wà lẹ́yìn ilé eré náà, àwọn àlàpà Róòmù tí ó wà káàkiri ìlú ni ó sì ń wó láti rí òkúta. Kò fọwọ́ kan ògiri ńlá yìí. Kì í ṣe ẹwà ni ó wò mọ́ ọn lára. Ó rí i pé ó lè dúró bí asà níwájú odi òun ni. Ní ọdún 1673, Louis Kẹrìnlá, ọba Faransé, pàṣẹ pé kí wọ́n wó odi Maurice palẹ̀. Odi náà kò sí mọ́, ògiri sì wà níbẹ̀. Láti ọdún 1869 ni wọ́n ti tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣeré níwájú rẹ̀ ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, nítorí pé ògiri náà ń gbé ohùn dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ó jókòó sí òkè pátápátá.

Bí arìnrìnàjò bá sọdá Rhône, tí ó sì kọrí sí ìwọ̀ oòrùn, yóò dé odò kékeré kan tí ń jẹ́ Gardon. Níbẹ̀ ni ohun tí ó tayọ jù lọ nínú gbogbo àwọn àlàpà wọ̀nyí wà. Nîmes ní orísun omi tirẹ̀, ṣùgbọ́n kò tó fún ìlú tí ó ń gbòòrò. Nítorí náà, wọ́n lọ fa omi wá láti orísun kan ní ẹ̀bá ìlú Uzès. Bí a bá fa okùn tààrà láti ibẹ̀ dé Nîmes, kò ju nǹkan bí kìlómítà 20 lọ. Ṣùgbọ́n nítorí òkè tí ó wà láàárín, ọ̀nà omi náà ní láti lọ́ kiri títí ó fi di kìlómítà 50. Orísun náà kò fi mítà 13 pé ga ju ibi tí omi ń dé sí ní Nîmes. Ìtumọ̀ èyí ni pé nínú kìlómítà kan, omi kò gbọ́dọ̀ sọ̀kalẹ̀ ju sẹ̀ntímítà 25 lọ ní ìpíndọ́gba. Bí ó bá dagun jù, omi yóò ba ọ̀nà jẹ́. Bí ó bá tẹ́jú jù, omi yóò dúró sójú kan. Àwọn tí ó wọn ilẹ̀ náà kò ní ju igi, okùn àti àwo omi lọ lọ́wọ́, wọ́n sì ṣe é.

Afárá tí wọ́n kọ́ láti gbé omi náà sọdá Gardon ni Pont du Gard, tí wọ́n parí ní nǹkan bí àárín ọ̀rúndún kìíní lẹ́yìn ìbí Jésù. Ìpele mẹ́ta ni, ó ga ní mítà 49. Ìpele ìsàlẹ̀ ní ojú 6 tí orí wọn tẹ̀ bí ọrun, ti àárín ní 11. Ti òkè ní 47 tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n 35 ni ó kù. Òkúta mìíràn nínú rẹ̀ wúwo tó tọ́ọ̀nù 6, wọn kò sì fi ohunkóhun lẹ àwọn òkúta ìpele méjì ìsàlẹ̀ pọ̀. Ìwúwo wọn ni ó dè wọ́n. Àwọn òkúta kan yọ jáde lára òpó rẹ̀ bí ìwo. Àwọn àlejò rò pé ọ̀ṣọ́ ni, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni wọ́n gbé igi tí àwọn ọ̀mọ̀lé ń dúró lé sí, kò sì sí ẹni tí ó yọ̀ǹda láti padà wá gbẹ́ wọn kúrò.

Omi Uzès ní ẹfun nínú, ẹfun náà a sì máa dì mọ́ ògiri ọ̀nà omi. Nígbà tí Róòmù wà lágbára, àwọn òṣìṣẹ́ wà tí wọ́n ń bójú tó o. Nígbà tí agbára náà lọ, kò sí ẹni tí yóò san owó ọ̀yà wọn mọ́. Ẹfun dì títí ó fi nípọn tó nǹkan bí ìdajì mítà ní ibòmíràn, ní nǹkan bí ọ̀rúndún kẹfà omi sì dáwọ́ dúró. Láti ìgbà náà ni àwọn ará abúlé ti ń kó òkúta ọ̀nà omi náà lọ kọ́lé. Afárá nìkan ni wọ́n dá sí, nítorí pé ẹlẹ́sẹ̀ àti ẹlẹ́rù ń gba ara rẹ̀ sọdá odò, àwọn ìjòyè ilẹ̀ náà sì ń gba owó oníbodè lọ́wọ́ wọn. Nígbà tí ó yá, wọ́n gbẹ́ ara òpó ìpele kejì wọnú kí ẹrù ńlá lè rí àyè kọjá, díẹ̀ ni ó sì kù kí gbogbo rẹ̀ dà wó. Láàárín ọdún 1743 sí 1747 ni wọ́n tó kọ́ afárá mìíràn mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fún ọkọ̀. Ìlò ni ó fẹ́ pa á, ìlò kan náà ni ó sì gbà á sílẹ̀. Ní ọdún 1958, odò Gardon kún bo ìpele ìsàlẹ̀ pátápátá, ó sì gbé àwọn afárá mìíràn lọ, ṣùgbọ́n èyí kò yẹsẹ̀.

Ní Nîmes fúnra rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kan àwọn ènìyàn gan-an. Ilé ìwòran ìlú náà gùn ní mítà 133, ó fẹ̀ ní mítà 101, ó sì lè gba nǹkan bí 24,000 òǹwòran. Ìjà àwọn ẹrú àti ti ẹranko ni wọ́n ń wò níbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n sì ń pè ní eré. Nígbà tí àwọn Visigoth gba ìlú, wọ́n dí àwọn ojú ọ̀nà rẹ̀, wọ́n sì sọ ọ́ di odi. Lẹ́yìn wọn ni àwọn jagunjagun ẹlẹ́ṣin ń gbé ibẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn tálákà kó wọlé. Ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, nǹkan bí 700 ènìyàn ni ó ń gbé inú rẹ̀, tí wọ́n kọ́ ilé sórí ìjókòó, tí wọ́n dáná lábẹ́ ojú ọ̀nà tí àwọn ẹrú oníjà ń gbà jáde nígbà kan rí. Bẹ́ẹ̀ náà ni ní Arles, níbi tí ilé tí ó lé ní 200 àti ilé àdúrà méjì wà nínú ilé ìwòran tiwọn.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni wọ́n kó àwọn ènìyàn wọ̀nyí jáde. Ní Arles, ọdún 1825 ni wíwó bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1830, wọ́n ṣe eré akọ màlúù níbẹ̀ láti fi yọ̀ pé ọmọ ogun Faransé ti gba ìlú Algiers. Ẹni tí ó bá ń wá bí agbára amúnisìn kan ti í gbé ẹ̀wù èkejì wọ̀ kò ní láti wá a jìnnà. Ní ọdún 1834, ìjọba fi Prosper Mérimée ṣe alábòójútó àwọn ilé àtijọ́. Ó rin gbogbo gúúsù náà já, iṣẹ́ rẹ̀ sì gba ọ̀pọ̀ àlàpà lọ́wọ́ ìparun. Ó yẹ kí a yìn ín. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó ń kó ilé kúrò sọ pé àwọn ń dá ilé ìwòran padà sí bí ó ti wà. Bí ó ti wà nígbà wo? Ìjọba Róòmù lò ó fún nǹkan bí ọdún 300. Àwọn tí ó wá lẹ́yìn gbé inú rẹ̀ ju ọdún 1,000 lọ, àwọn ni wọn kò sì jẹ́ kí ó di òkúta ilé ẹlòmíràn.  Ní Arles, ilé ìṣọ́ mẹ́ta péré nínú mẹ́rin tí wọ́n kọ́ sórí ògiri ni wọ́n fi sílẹ̀. Nínú ìran àwọn tí ó gbé ibẹ̀, ohun tí ojú ṣì lè rí nìyẹn.

Kò jìnnà sí ilé ìwòran yìí ni ilé eré Arles wà, tí ó ti pẹ́ jù ú lọ. Wọn kò sọ òun di odi, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò dá a sí. Láti ọ̀rúndún karùn-ún ni wọ́n ti ń kó òkúta rẹ̀ lọ kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì. Ère òrìṣà obìnrin Venus tí wọ́n hú jáde níbẹ̀ ní ọdún 1651, wọ́n fi ta Louis Kẹrìnlá lọ́rẹ. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Louvre ní Paris ni ó wà. Ilé ìṣọ́ kan dúró ní ẹ̀gbẹ́ gúúsù, nítorí pé wọ́n mọ ọ́n pọ̀ mọ́ odi ìlú. Lórí ìtàgé, òpó gíga méjì ni ó kù, tí wọn kò gbé òrùlé kankan rù mọ́. Àwọn ará Arles ń pe òpó méjèèjì náà ní opó méjì.